Láti Ọrùn ni Àlùbọ́sà Ti Ń Rà: Àlàyé lórí Sísá àti Ìtọ́jú Àlùbọ́sà Ẹ̀yìnkùlé ní Ilé-Ifẹ̀

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá gbà pé láti orí ni ẹja ti ń rà. Ti àlùbọ́sà yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé láti ọrùn ni tirẹ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ra àlùbọ́sà ní Ṣábó tàbí ní ọjà Odò-Ògbè ní Ilé-Ifẹ̀ yóò ti rí irú rẹ̀ rí. Yóò mú ọmọ àlùbọ́sà kan tí èèpo rẹ̀ ń dán, tí ó pupa dáadáa, yóò fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ewé ti jáde lórí rẹ̀, ibẹ̀ yóò sì wọlé. Bí ó bá gbé e délé tí ó fi ọ̀bẹ là á, yóò rí i pé ìpele kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ti di omi, tí ó sì ń rùn, bẹ́ẹ̀ ni ìpele tí ó wà lókè rẹ̀ àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ṣì le, tí wọ́n sì funfun. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni ìdí tí ó fi ń rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ẹni tí ó gbin àlùbọ́sà sí ẹ̀yìnkùlé tàbí sí àkùrọ̀ ní agbègbè Ifẹ̀ lè ṣe kí ìkórè rẹ̀ má baà di ẹrù ààtàn.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ lásán. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àlùbọ́sà tí à ń jẹ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń ti Òkè Ọya wá, láti Sókótó, Kebbi, Kánò, Kàdúná, Jìgáwá àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn níbẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá ṣe ọ̀nà tàbí tí ó ba àjọṣe àwọn ènìyàn jẹ́ ni yóò hàn nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣábó ní Ilé-Ifẹ̀ gan-an. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, òmíràn ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, nígbà tí oṣù náà sì ń parí lọ, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá kíkó oúnjẹ wá sí ìhà gúúsù dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìwọ̀nba ọjọ́ náà tó láti mú kí àlùbọ́sà wọ́n gógó. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń rántí pé ilẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Wọn a gbìn ín, a sì ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá wọlé tán, ìdajì ohun tí wọ́n kó sínú àpò yóò ti jẹrà, wọn a sì sọ pé ilẹ̀ Yorùbá kò gba àlùbọ́sà. Ìdájọ́ yẹn kò tọ̀nà. Púpọ̀ nínú ohun tí ń pa àlùbọ́sà wọn ni ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ tí wọ́n hú u àti ọjọ́ tí wọ́n kó o pamọ́.

Àlejò láti ilẹ̀ gbígbẹ

Orúkọ ohun ọ̀gbìn yìí fúnra rẹ̀ ń tọ́ka sí ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Láti inú èdè Haúsá ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà, àwọn Haúsá tí ń pè é ní albasa sì yá a láti inú èdè Lárúbáwá, níbi tí ó ti ń jẹ́ al-basal. Bí a ti ṣe sọ albarka Haúsá di àlùbáríkà, bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe sọ albasa di àlùbọ́sà. Bíbélì Yorùbá náà lo ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé Númérì orí 11, níbi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń ka oúnjẹ Íjíbítì tí wọ́n ń ṣàárò rẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé kì í ṣe ohun àná ní ayé. Àárín gbùngbùn Éṣíà ni àwọn onímọ̀ gbà pé wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ kò pọ̀, tí ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ sì mú gan-an.

Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ìmọ̀ ìtọ́jú tí ó jinlẹ̀ jù lọ́wọ́ àgbẹ̀ Yorùbá ni ìmọ̀ ìtọ́jú iṣu, iṣu kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ àlùbọ́sà. Àgbẹ̀ mọ̀ pé iṣu tí ọkọ́ bá ṣá kò ṣeé fi pamọ́ pẹ́. Ó mọ bí a ṣe ń fi eérú pa ojú ibi tí a gé. Ó mọ bí a ṣe ń to iṣu sábẹ́ ibòji kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá. Ìwádìí òde òní fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ojú ọgbẹ́ ara iṣu máa ń san bí a bá fi í sí ibi tí ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 29 sí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì tó ìdá 90 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún, fún ọjọ́ 4 sí 8. Ìyẹn ni pé iṣu nílò ọ̀rinrin kí ó tó lè hu awọ tuntun bo ojú ọgbẹ́ rẹ̀.

Àlùbọ́sà kò lè hu awọ tuntun. Bí ọkọ́ bá ṣá a, ọgbẹ́ náà kò ní san láéláé. Ohun tí ó lè ṣe kò ju pé kí ojú ibẹ̀ gbẹ. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá tọ́jú àlùbọ́sà bí iṣu, tí ó kó o jọ sí kọ̀rọ̀ tútù, tí ó sì da ewé tútù bò ó, fi ń ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ìjẹrà. Ooru tí iṣu ń fẹ́ ni àlùbọ́sà náà ń fẹ́, ṣùgbọ́n ooru gbígbẹ tí ó ní atẹ́gùn nínú ni tirẹ̀.

Ohun tí ń jẹ́ ọrùn

Kí a tó lè mọ ìdí tí ọrùn fi ṣe pàtàkì, ó yẹ kí a mọ ohun tí àlùbọ́sà jẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gbòǹgbò ni, bíi ti ẹ̀gẹ́ tàbí ànàmọ́. Kì í ṣe gbòǹgbò. Ewé ni. Ìpele kọ̀ọ̀kan tí à ń rí nígbà tí a bá gé àlùbọ́sà jẹ́ ìdí ewé kan tí ó wú nítorí oúnjẹ tí ó kó pamọ́ sínú. Gbòǹgbò rẹ̀ gangan ni àwọn okùn tín-ín-rín tí ó wà ní ìsàlẹ̀. Bí a bá fi ojú inú tọ ìpele kan láti inú àlùbọ́sà lọ sókè, yóò gba ọrùn kọjá, yóò sì di ewé tútù lókè. Ọrùn, nígbà náà, ni ibi tí gbogbo ewé wọ̀nyí ti fún mọ́ra wọn, bí ẹni di òpó omi mẹ́wàá pọ̀ sójú kan.

Nígbà tí àlùbọ́sà bá gbó, ewé rẹ̀ a dẹ́kun iṣẹ́, ọrùn a dẹ̀, ewé a sì wó lulẹ̀. Bí ó bá gbẹ dáadáa lẹ́yìn èyí, gbogbo òpó wọ̀nyí yóò fún pọ̀, wọn yóò sì dí. Ṣùgbọ́n bí a bá gé ewé rẹ̀ nígbà tí ọrùn ṣì tutù, ńṣe ni a ṣí ẹnu òpó mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi òjò tàbí ìrì tí ó bá bọ́ sí ẹnu òpó kan yóò gba ibẹ̀ lọ tààrà sí ìpele tirẹ̀ nìkan. Èyí ni ó fà á tí ìpele kan fi lè rà pátápátá láàárín àwọn tí ó le: ọ̀nà tirẹ̀ ni kòkòrò àrùn rí wọlé.

Àwọn tí ń ba àlùbọ́sà jẹ́ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Èyí tí ojú àwọn onílé mọ̀ jù ni lẹ́búlẹ́bú dúdú tí ó máa ń wà lábẹ́ èèpo, bí ìgbà tí ènìyàn fi èédú tí a lọ̀ kùn ún. Ẹbí àwọn olú ni, òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Aspergillus niger. Ooru tí ó fẹ́ràn jù wà láàárín ìwọ̀n 28 sí 34, ìyẹn irú ooru tí a máa ń ní ní Ifẹ̀ lọ́sàn-án. Ó ní ohun kan tí ó dè é mọ́lẹ̀: kò lè hù bí ara àlùbọ́sà kò bá tutù fún wákàtí mélòó kan. Ẹ̀yà kejì ni ìjẹrà omi tí ń rùn, bakitéríà ni ó ń fà á, omi ni ó sì ń gbé e wọ ọrùn àti ojú ọgbẹ́. Nínú àwọn bakitéríà wọ̀nyí ni Burkholderia cepacia wà, èyí tí Walter Burkholder, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé ní ọdún 1950 lẹ́yìn tí ó rí i lára àlùbọ́sà. Òun ni ó máa ń mú kí àwọn ìpele òde yọ̀, kí wọ́n sì kan bí ohun tí ó ti di ọtí kíkan. Ẹ̀yà kẹta kò bá ti ọrùn lọ ní tirẹ̀. Láti ìdí, níbi tí gbòǹgbò wà, ni Fusarium ti ń wọlé, inú ilẹ̀ oko ni ó sì ti ń bá a bọ̀. Ìjẹrà ọrùn tí àwọn ará Yúróòpù ń sunkún lé lórí jù, èyí tí Botrytis ń fà, ibi tútù ni ó fẹ́ràn, kì í sì í ṣe ọ̀tá ńlá fún ará Ifẹ̀.

Èèpo gbígbẹ tí à ń bó dànù pẹ̀lú ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1929 sí 1933, Karl Paul Link àti J. C. Walker ṣàwárí pé èèpo gbígbẹ àlùbọ́sà aláwọ̀ ní èròjà méjì nínú, catechol àti protocatechuic acid, tí kì í jẹ́ kí irú olú kan tí ń ba àlùbọ́sà funfun jẹ́ rí ọ̀nà gbà. (Link yìí kan náà ni iṣẹ́ rẹ̀ bí warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.) Nítorí náà, aṣọ ni èèpo yẹn jẹ́ fún àlùbọ́sà. Ẹni tí ó bá ń bó o kí àlùbọ́sà rẹ̀ lè dán lójú oníbàárà ti tú aṣọ lára rẹ̀.

Rírọ yàtọ̀ sí gbígbẹ

Èdè Yorùbá ti ṣe ìyàtọ̀ tí ó wúlò fún wa níhìn-ín, bí a bá lè tẹ̀ lé e. Ewé tí a já ní àárọ̀ a rọ ní ọ̀sán. Ó ti pàdánù agbára ìdúró, ṣùgbọ́n omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ewé tí ó gbẹ ni èyí tí ó ń dún bí ìwé nígbà tí a bá fún un lọ́wọ́. Láàárín rírọ àti gbígbẹ yìí ni àlùbọ́sà tí ó pọ̀ jù ti ń ṣòfò. Onílé yóò hú àlùbọ́sà rẹ̀, yóò sá a sí oòrùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, yóò rí i pé ewé ti rọ, ó ti di ilẹ̀ mú, yóò sì gbà pé ó ti gbẹ. Yóò gé ewé, yóò kó o sínú àpò. Ọrùn tí ó kàn rọ ni ó dì sínú àpò yẹn, omi sì wà nínú rẹ̀.

Ìdánwò rẹ̀ kò nira. Kí a fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú ọrùn àlùbọ́sà, kí a sì yí i síwá sẹ́yìn. Bí inú rẹ̀ bá ń yọ̀ lábẹ́ ìka, tí ó dà bí ẹni pé nǹkan ń sún nínú rẹ̀, kò tíì gbẹ. Bí ó bá tín-ín-rín, tí ó le, tí kò sì sún, ó ti gbẹ. Èèpo òde yóò ti máa dún, gbòǹgbò yóò sì ti máa kán bí a bá fọwọ́ kàn án. Ìwọ̀n pẹ̀lú lè jẹ́rìí sí i: àlùbọ́sà tí a sá dáadáa máa ń dín ní ìdá 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Kílò 20 tí a kó wọlé láti oko yóò dín ní nǹkan bíi gíráàmù 600 sí kílò kan. Àwọn tí ń tà á kì í fẹ́ràn àdínkù yìí, nítorí pé owó ni lójú wọn. Ṣùgbọ́n omi tí wọn kò jẹ́ kí ó lọ ni yóò kó èyí tí ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ó bá yá.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìkórè

Kò sí bí a ṣe lè sá àlùbọ́sà tí ọrùn rẹ̀ kò fẹ́ gbẹ. Ohun mẹ́ta ni ó sì máa ń sọ ọrùn di kíkì bí ọrùn akọ màlúù.

Èkínní ni irúgbìn tí kò bá ojú ọjọ́ wa mu. Gígùn ojúmọ́ ni ó máa ń sọ fún àlùbọ́sà pé àkókò tó láti wú. Irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní ìhà àríwá Yúróòpù ń retí ojúmọ́ tí ó gùn tó wákàtí 14 sí 16. Ilé-Ifẹ̀ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 ààbọ̀ sí àríwá ìlà tí ó dá ayé sí méjì, ojúmọ́ rẹ̀ kì í sì í pé wákàtí 13 nígbà kankan nínú ọdún. Bí a bá gbin irú èyí sí Ifẹ̀, ewé ni yóò máa hù, ewé náà kò ní wó, ọrùn kò sì ní dí. Nítorí náà, kí ẹni tí ó rí irúgbìn olówó iyebíye gbà láti òkè òkun bi í léèrè dáadáa. Red Creole àti Violet de Galmi, èyí tí a fi ìlú Galmi ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r sọ lórúkọ, wà lára àwọn tí ojúmọ́ kúkúrú tẹ́ lọ́rùn. Àwọn àgbẹ̀ Òkè Ọya náà ní orúkọ tiwọn fún irú tí wọ́n ní lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Wuyan Bijimi, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọrùn akọ màlúù. Àwọn náà ń wo ọrùn!

Èkejì ni ajílẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ àti yúríà dára nígbà tí àlùbọ́sà ṣì ń dàgbà. Bí a bá ń dà á sí i títí tí ó fi ń wú, ewé tuntun ni yóò máa yọ, ọrùn yóò sì máa nípọn sí i. Kí a dá a dúró nígbà tí ìdí rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe roboto.

Ẹ̀kẹta ni omi, èyí sì ni ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà Ifẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Ó yẹ kí a dá omi bíbù dúró ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú ìkórè. Ènìyàn lè dá garawa tirẹ̀ dúró, kò lè dá òjò dúró. Àlùbọ́sà máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lórí ebè tí a kọ́kọ́ fún un sí, lẹ́yìn tí a bá sì ṣí i lọ gbìn, yóò tún lo bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tí ó bá fún irúgbìn rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá yóò máa kórè ní oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún, nígbà tí òjò ti ń rọ̀ ní Ifẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí yóò sá a sí. Ẹni tí ó bá fún un ní oṣù Kẹsàn-án, tí ó fi ìtẹ́lẹ̀ ọ̀pẹ ṣe ibòji fún un kí òjò má baà fọ́ ọ, tí ó sì ṣí i lọ sí ẹ̀bá odò bí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, yóò lè kórè ní oṣù Kejì, nígbà tí oòrùn ń mú tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò sì tíì lọ tán. Bí a bá ní kí a mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo àlàyé yìí, ọ̀rọ̀ àkókò yìí ni à bá mú, nítorí pé ọyẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó máa ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ sísá.

Kí a hú u nígbà tí ewé bá ti wó fúnra rẹ̀ lára ìdajì oko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má sì ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Àwọn kan máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ ewé tí kò tíì wó mọ́lẹ̀ kí gbogbo oko lè gbó pọ̀. Ọgbẹ́ ni wọ́n ń dá sí ọrùn. Kí a fi ọ̀kọ̀ tàbí àdá tú ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kí a rọra gbé e, kí a gbọn yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ nù. A kì í fi omi fọ̀ ọ́. A kì í sì í jù ú láti òkèèrè sínú agbọ̀n bí ẹni ju àgbọn, torí pé ibi tí ó bá gún yóò dúdú sínú láìfi hàn lóde.

Bí a ṣe ń sá a

Ọ̀rọ̀ náà "sá" máa ń gbé oòrùn wá sọ́kàn Yorùbá. Èlùbọ́, ata àti ẹ̀gúsí ni a ń sá sórí àpáta tàbí sórí páànù gbígbóná. Àlùbọ́sà kò gba irú oòrùn bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Oòrùn ọ̀sán gangan lè se ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni fi omi gbígbóná ta á, ibi tí ó bá sè náà yóò rọ̀, yóò sì rà. Nítorí náà, bí a bá sá a sí oko, kí a to ó ní ẹsẹẹsẹ kí ewé ẹsẹ kan lè bo ara àlùbọ́sà ẹsẹ kejì: ewé ni kí oòrùn rí, kí ó má rí ara. Ọjọ́ díẹ̀ tó fún èyí. Lẹ́yìn náà kí a gbé e lọ sí abẹ́ òrùlé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dára, ibi ìgbọ́kọ̀sí dára, àtíbàbà onímọ̀ ọ̀pẹ náà dára. Ọparun tí a là, tí a tò sórí igi pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn, sàn ju ilẹ̀ sìmẹ́ńtì lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Kí a tẹ́ ẹ ní ìpele kan, tàbí méjì ó pọ̀ jù. Gbogbo ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Yóò lo bí ọjọ́ 10 sí 14, nígbà mìíràn ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọrùn rẹ̀ bá nípọn.

Ìrì òru ni olè tí a kì í fura sí. Ní Ifẹ̀, àní nínú ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ máa ń kún fún ọ̀rinrin, àlùbọ́sà tí ó sùn síta yóò sì jí pẹ̀lú omi lára. A ti sọ ṣáájú pé wákàtí mélòó kan ni lẹ́búlẹ́bú dúdú nílò. Kí a bò ó lálẹ́, kí a sì ṣí i ní kété tí oòrùn bá ti yọ. Bí a bá fi ọ̀rá bò ó, kí ọ̀rá náà má fara kàn án, nítorí pé ọ̀rá a máa làágùn, òógùn rẹ̀ a sì kán padà.

Nígbà tí ọrùn bá yege nínú ìdánwò ìka, kí a wá gé ewé, kí a ṣẹ́ ọrùn kù ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè má gé e rárá, kí ó di ewé gbígbẹ rẹ̀ pọ̀ mọ́ra bí ẹni ń di irun, kí ó sì so ó kọ́ sábẹ́ àjà. Ó dùn ún wò, ọwọ́ kì í sì í bà á títí a ó fi fẹ́ lò ó.

Ibi ìpamọ́

Ìwọ̀n ooru méjì ni àlùbọ́sà lè fara dà fún ìgbà pípẹ́, ó sì jọ ènìyàn lójú pé wọ́n tako ara wọn. Ó lè wà níbi tí ó tutù bíi yìnyín, ní nǹkan bí òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì lè wà níbi tí ó gbóná tó ìwọ̀n 25 sí 30. Àárín méjèèjì ni ewu wà. Ní ìwọ̀n 10 sí 20 ni ó máa ń rò pé àkókò ìhù tún ti dé, a sì sọ ọ̀mùnú. Ní ti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ìdá 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó bá a lára mu. Bí ó bá ti kọjá 75, gbòǹgbò a tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, èbu a sì gbilẹ̀.

Èyí túmọ̀ sí pé ooru Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ràn wá lọ́wọ́, kì í jẹ́ kí àlùbọ́sà yára hù. Ọ̀rinrin ìgbà òjò ni ìṣòro. Fíríìjì kò sì lè yanjú rẹ̀. Kò tutù tó, ọ̀rinrin inú rẹ̀ pọ̀, bí iná mànàmáná bá sì ń lọ tí ó ń bọ̀, ìgbàkúùgbà tí ó bá lọ ni omi yóò máa sẹ̀ sára àlùbọ́sà. Èyí tí a ti gé ni kí a kó sí fíríìjì, kí a sì tètè lò ó.

Ohun tí àwọn ìyá wa ti ní tẹ́lẹ̀ sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjà ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ń kó àgbàdo irúgbìn sí lókè ààrò, jẹ́ ibi tí a fi ọgbọ́n ṣe. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbóná díẹ̀, ó lè gba omi púpọ̀ sí i mọ́ra, nítorí náà a máa fa omi kúrò lára ohun tí ó yí ká. Iná díẹ̀ lójoojúmọ́ tó láti mú kí àjà gbẹ ju yàrá lọ nínú oṣù Keje. Kìkì pé kí a má gbé àlùbọ́sà sí ọ̀gangan orí ìkòkò, níbi tí oruku omi yóò ti máa fẹ́ sí i. Àwọn àgbẹ̀ Òkè Ọya ń lo ahéré koríko tí wọ́n gbé sórí igi kí afẹ́fẹ́ lè gba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìlànà kan náà ni. Ẹni tí kò ní ààrò lè fi ọparun kan pẹpẹ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé láti ojú fèrèsé méjì, kí ó sì tẹ́ àlùbọ́sà sórí rẹ̀ láìjẹ́ kí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Àpò alihò tí ó dà bí àwọ̀n dára. Àpò ìdọ̀họ dára díẹ̀ bí a kò bá to òmíràn lé e lórí. Ọ̀rá kò dára rárá. Kí a má sì kó o pọ̀ mọ́ iṣu tàbí ànàmọ́, nítorí pé àwọn wọ̀nyẹn ń mí omi jáde, a sì ti rí i pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ kọ́ ni àlùbọ́sà ń fẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é ju ti ẹ̀yìnkùlé lọ lè béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀, NIHORT, tí ó ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1975 fún ọ̀rọ̀ èso àti ẹ̀fọ́, tàbí NSPRI ní Ìlọrin, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ìpamọ́ ohun ọ̀gbìn.

Kì í ṣe gbogbo àlùbọ́sà ni ó yẹ fún ìpamọ́. Kí a kọ́kọ́ jẹ èyí tí ọrùn rẹ̀ nípọn, èyí tí ó yọ òdòdó, èyí tí ó pín sí méjì bí ìbejì, àti èyí tí ọkọ́ bà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: kí a máa yẹ ìyókù wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Imú a máa ṣiwájú ojú nínú iṣẹ́ yìí, torí pé òórùn kíkan a ti jáde kí omi tó jò. Èyí tí ó bá rà, kí a gbé e jáde pẹ̀lú àwọn tí ó fara kàn án, kí a nu àwọn wọ̀nyí gbẹ, kí a sì tètè sè wọ́n. Bí lẹ́búlẹ́bú dúdú bá wà lára èèpo òde nìkan, tí inú sì le, a lè bó o, kí a fọ ìyókù, kí a sì lò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí mímí máa ń nira fún kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò bó o. Bí ó bá ti wọnú, kí a dà á nù. Èyí tí ó bá sọ ọ̀mùnú láìrà kò bàjẹ́ ní tirẹ̀. Kí a rì í sínú agolo tí ó ní yẹ̀pẹ̀ nínú. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yóò yọ ewé tí a lè máa já sínú ọbẹ̀ bí àlùbọ́sà eléwé.